Ìtọ̀ Ológbò Tí Mo Pè Ní Tèmi

Ojú mi ti rí nǹkan láyé yìí. Mo ti rí ejò tó ń lé ọkọ̀ ojú irin, mo sì ti rí òjò tó rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún màlúù kan tó fi ẹ̀gbẹ́ òsì sílẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹni tó bá wù lè yọ ìdajì kúrò nínú ohun tí mo bá sọ, n kì í bínú. Ṣùgbọ́n kí ó má yọ nǹkan kan kúrò nínú ọ̀rọ̀ ológbò yìí o, nítorí pé mo ti fúnra mi yọ èyí tó yẹ ní yíyọ kí n tó jókòó.

Ayé Òyìnbó la ṣì wà nígbà náà, wọ́n sì ń sọ pé òmìnira ń bọ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, iṣẹ́ ni mo wá wá sí Èkó, ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye, ní Ṣómólú, ló gbà mí. Kì í ṣe pé mo mọ̀wé. Standard Tú ni mo dé tí ìwé fi sọ fún mi pé ó tó. Lẹ́tà òjé ni wọ́n ní kí n máa tò, lẹ́tà yẹn sì kọjú sódì ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wo ìwé nínú dígí. Kò pẹ́ tí mo fi mọ ìwé kà sódì ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kà bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀gá wa a máa sọ pé àìkàwé mi ló jẹ́ kí n tètè mọṣẹ́, pé n kò ní ohunkóhun láti kọ́kọ́ gbàgbé.

Àwọn tó mọ̀wé níbẹ̀ ni àwọn eku. Wọ́n jẹ ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jẹ ìwé ìṣirò, wọ́n jẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, wọ́n jẹ ẹ́ títí wọ́n fi gba Standard Síìsì. Nígbà tí ológbò wa dé ibẹ̀, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n gba ọ̀nà Akoka lọ. Nígbà tó pẹ́ tó yá tí ìjọba wá kọ́ yunifásítì síbẹ̀, ẹnu kò yà mí. Mo mọ àwọn tó ṣáájú débẹ̀.

Ológbò náà kì í ṣe tèmi, kì í sì í ṣe ti ìyàwó mi gan-an. Ti ìyá ìyàwó mi ni. Ìdílé apẹja ni wọ́n, láti etí òkun lápá Oǹdó, wọ́n wá ń gbé létí ọ̀sà ní Bàrígà. Ẹja ni wọ́n ń yan, orin ìyìn ni wọ́n ń kọ, èéfín àti orin ló sì máa ń jùmọ̀ jáde láti ẹnu ọ̀nà wọn. Iye ni wọ́n fi ń pe ìyá. Iye yìí fẹ́ràn mi, ó máa ń sọ pé irọ́ mi dùn ju ìròyìn rédíò lọ.

Àtọ̀gbẹ ló pa á, ní ọdún tó ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí. Omi ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mu, bí ẹni ń gbọ́n ọkọ̀ tó ń jò sí ọ̀fun ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìtọ̀. Lẹ́yìn náà ni èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ sí ibi tó bá ti tọ̀, ìgbà yẹn ni àwọn àgbà sì mi orí. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sílé tán, tí àwọn ọmọ ń pín aṣọ àti ìkòkò, ìyàwó mi kò mú aṣọ. Ológbò ló gbé, ó gbé e sínú agbọ̀n ẹja ìyá rẹ̀, ó sì gbé e wá sí yàrá kan ṣoṣo tí a ń gbé ní Abúlé Òkúta. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín mọ́. Bí mo bá pa ìtàn, ológbò ló ń gbọ́.

Lówùúrọ̀, ológbò á tẹ̀ lé mi lọ síbi iṣẹ́, ìrù rẹ̀ á nà ró ṣánṣán, gbogbo ajá ọ̀nà á sì yà fún wa. Ọmọ ilé ire ni. Kì í tọ̀ sílẹ̀. Àwo páànù pẹlẹbẹ kan wà ní igun lẹ́yìn ẹ̀rọ, àwo dúdú kan tí a kì í sáábà lò. Ó wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ibí ni tòun. Láàárọ̀ èmi á da ìtọ̀ rẹ̀ nù, èmi á fi omi díẹ̀ ṣàn án, ó parí.

Ìgbà ọyẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Ó mu omi inú abọ́ rẹ̀ tán, ó mu omi tí mo fi ń fọ ọwọ́, ó ki orí bọ inú àmù ọ̀gá. Bí ẹ bá gbọ́ nígbà náà pé ọ̀sà fà sẹ́yìn ní Bàrígà, ológbò wa ni kí ẹ bi.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin Ìjẹ̀bú tó máa ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ fún wa pariwo láti ẹ̀yìn ibi iṣẹ́ rẹ̀.

“Ẹ wá wo nǹkan o! Èèrà ń ṣe ìpàdé lórí ìtọ̀ àna rẹ!”

Àna mi ló ń pe ológbò náà, nítorí ilé àna mi ló ti wá. Mo sáré débẹ̀. Lóòótọ́ ni, èèrà bo etí àwo náà pitimu, wọ́n tò wọlé láti abẹ́ ilẹ̀kùn bí ẹni ń lọ gba sàárà. Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Ìtọ̀ ṣúgà nìyí,” ó ní. “Àtọ̀gbẹ ni.”

“Ọ̀gá, ṣé ológbò a máa ní àtọ̀gbẹ ni?”

“Ohun tó bá lè tọ̀, ó lè tọ ṣúgà. Àbí ibo ni ìwọ rò pé òun ń kó tiẹ̀ sí?”

Mo pinnu pé ìyàwó mi kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wọlé, ìdí abọ́ omi ni mo bá a.

“Ẹ wo abọ́ yìí,” ó ní. “Àárọ̀ ni mo bu omi sí i fún un kí ẹ tó jáde. Kò ku ẹ̀kán kan. Bí Iye ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí.”

“Ọyẹ́ ni,” mo ní. “Ọyẹ́ ń gbẹ gbogbo ènìyàn lọ́fun.”

“Ṣé èèrà ń lọ síbi tó ń tọ̀ sí?”

Èmi tí mo lè sọ ti ejò àti ọkọ̀ ojú irin láìṣẹ́jú, mo lanu, irọ́ kan kò jáde. Gbogbo wọn ti lọ sùn. Ìyàwó mi wo ẹnu mi tó ṣí sílẹ̀, ó mọ̀.

“Ẹ bá mi gbé ìtọ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò,” ó ní. “Kí n lè mọ̀ dájú.”

Dókítà ẹran wà nígbà náà, ṣùgbọ́n ti màlúù ìjọba ni wọ́n. Ta ni yóò gbé ológbò síwájú wọn? Dìsípẹ́ńsà kan tó ń po oògùn ló wà lọ́nà Bàrígà, àgbàlagbà ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà kó lè tètè dá wa lóhùn. Òun ló yẹ ìtọ̀ Iye wò.

“Kò ní fọwọ́ kan ìtọ̀ ẹranko láé,” ni ìyàwó mi wí.

“Ta ló kọ orúkọ sára ìtọ̀?” ni mo dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì mo rọra da ìtọ̀ inú àwo náà sínú ìgò, mo dé e, mo lọ tò sẹ́yìn àwọn ìyá ọlọ́mọ. Nígbà tó kàn mí, Dókítà ṣí ìgò náà, orí rẹ̀ fà sẹ́yìn.

“Ọ̀dọ́mọkùnrin, kí lo jẹ?”

“Ẹja ni, sà.”

“Ẹja wo ló ń ta báyìí?” Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó fọkàn sí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó kán díẹ̀ sínú omi kan tó dúdú bí aró nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbé e sórí iná. Mo ń wò ó. Aró náà di àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé di àwọ̀ ìyeyè, ìyeyè wá pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀. Dókítà gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ lójijì.

“Jókòó, ọmọ mi.”

Mo jókòó.

“Ṣé o máa ń mu omi púpọ̀?”

“Ó máa ń… mo máa ń mu ún, sà.”

“Ibo lo máa ń tọ̀ sí?”

“Inú àwo ni, sà. Àwo páànù. Lẹ́yìn ẹ̀rọ.”

Ó wo ẹsẹ̀ mi. “Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́? Ṣé ọgbẹ́ kankan ò sí níbẹ̀?”

“Rárá, sà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dáa.”

Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi. Mo rí i pé ó gbà pé àìsàn náà ti gun orí mi. Ó ní kí n má fẹnu kan ṣúgà mọ́, kí n fi gàrí sílẹ̀, kí n dín iṣu kù, pé abẹ́rẹ́ wà ní ilé ìwòsàn ńlá lÉkòó tí èmi yóò máa gbà lójoojúmọ́ títí ayé. Lójoojúmọ́! Mo rántí ọjọ́ tí mo kàn fẹ́ yọ ẹ̀gún kan ní àtẹ́lẹsẹ̀ ológbò yẹn, àpá rẹ̀ ṣì wà ní ìgbáròkó mi di òní. Bí mo bá gbé abẹ́rẹ́ sí i, àfi kí wọ́n máa fún èmi náà ní tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò kí mi káàbọ̀.

“Àwọ̀ wo ló ní?”

“Ó pọ́n,” ni mo wí.

Ó jókòó sétí ibùsùn. Ológbò gun orí itan rẹ̀.

“Ti Iye náà pọ́n,” ó ní. “Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e sórí iná. Mo ní, ẹ wò ó, ó mà lẹ́wà o. N ò mọ ohun tó ń sọ.”

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn la ti ń tọ́jú ológbò. Omi ewúro tí Iye mu kẹ́yìn ni ìyàwó mi ń fún un. Èmi á di ẹsẹ̀ mú, òun á la ẹnu rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bó ṣe rí. Aṣọ iṣẹ́ mi ya, àwọn ará ilé sì rò pé èmi ni wọ́n ń nà. Ìdajì ewúro yẹn, ojú mi ló mu ún. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u sílẹ̀ tán, ológbò á lọ fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ ìyàwó mi, bí ẹni pé èmi nìkan ni mo ṣẹ̀ ẹ́.

Ọwọ́ ìyàwó mi kò gbé oúnjẹ lọ sẹ́nu mọ́. Ní ọjọ́ kan tí a ti fún ológbò ní ewúro tán, ìyàwó mi sọ̀rọ̀ láìwò mí.

“Ọkọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń lọ sílé ní Sátidé. Màá gbé e lọ. Bó bá máa kú, kó kú níbi tí Iye wà.”

“O dáa. Ìgbà wo lo máa padà?”

“N ò tíì mọ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ìyàwó tó bá ní òun ń bọ̀ lọ́la, ènìyàn lè bá a jà. Èyí tí kò mọ̀, kí ni ènìyàn ń sọ fún un?

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò yẹn, rólà là ń sè níbi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí rólà wọn jẹ́ rọ́bà kò ní mọ̀. Rólà ni igi róbótó tó ń pa tàdáwà sórí lẹ́tà. Nígbà tiwa, fúnra wa la máa ń ṣe ara rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi awọ màlúù ṣe la ó rẹ sínú omi, a ó da oje ìrèké dúdú tó ki bí oyin lé e, a ó sè é títí yóò fi dọ́gba, a ó wá dà á sínú irin tó ṣófo nínú. Gọ́ọ̀mù ló ń mú un le, oje ìrèké ló ń mú un rọ̀. Bí ọyẹ́ bá ti mú, rólà á sán bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀, a ó sì yọ́ ọ láti tún un dà. Gbogbo àdúgbò á máa ta sánsán bí ilé alákàrà òyìnbó.

Ibi tí ìkòkò ti ń hó ni ìyàwó mi wọlé pẹ̀lú agbọ̀n ẹja Iye lórí. Ó wá gbé ológbò. Ọkùnrin Ìjẹ̀bú kí i, kò dáhùn dáadáa. Ojú rẹ̀ ń wá ológbò kiri, ó sì bọ́ sára èmi tí mo gbé àwo páànù náà láti igun, tí mo ń gbé e sábẹ́ irin.

“Kí ni àwo ìtọ̀ rẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?” ó ní.

Ọ̀gá ló dá a lóhùn. “Àwo rólà ni, ìyàwó. Òun ló ń gba èyí tó bá kán sílẹ̀. Ológbò yín ló yá a lọ́wọ́ wa.”

Ìyàwó mi sọ agbọ̀n kalẹ̀. Ó lọ síbi ìkòkò, ó fi ìka kan èyí tó kán sí etí rẹ̀, ó fi lá.

“Ó dùn.”

“Oje ìrèké ni,” ni ọ̀gá wí. “Bí kò bá sí i, rólà á gan bí igi.”

“Ṣé ẹ máa ń fọ àwo yìí?”

“Ta ló ń fọ àwo rólà? A ó ha á. Èyí tó bá kù á gan mọ́ ọn lára.”

Ó fi èékánná ha igun àwo náà. Nǹkan dúdú kan wà níbẹ̀, ó le bí awọ bàtà. Èmi tí mo ń fi omi ṣàn án láràárọ̀, mo ti rò pé àwọ̀ àwo ni. Ó bu omi mímu nínú àmù, ó dà á sínú àwo náà, ó gbé e padà sí igun lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó sì jókòó tì í sórí ìdì ìwé. Ọ̀gá fẹ́ bínú nítorí ìkòkò rẹ̀ tó ń hó, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú obìnrin náà, ó yọ igi iná kan kúrò, ó sì dúró.

Èèrà àkọ́kọ́ yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó dúró, ó gbọn ìwo orí rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èkejì. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹbí fi dé.

Ọkùnrin Ìjẹ̀bú bu ọwọ́ lẹ́nu. “Ọ̀gá, a gbé o! Omi ẹ̀rọ ìjọba ti ní àtọ̀gbẹ!”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò tíì rẹ́rìn-ín. “Kò tíì tán,” ó ní. “Omi tó ń mu ńkọ́? Ìtọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò, èyí tí kò kan àwo yìí.”

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ yá wa ní abọ́ tánganran tí ó fi ń jẹun. Ológbò wò ó, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lọ dùbúlẹ̀. Iṣẹ́ dúró. Ẹ̀rọ dákẹ́. Àwọn oníbàárà wọlé, wọ́n bi wá pé kí ló dé, a ní ìtọ̀ là ń retí. Ọkùnrin Ìjẹ̀bú bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu ṣe ṣìí fún un bí ìyá ṣe ń ṣe fún ọmọ. Àwa ọkùnrin mẹ́ta, kí ológbò náà tó dáhùn, gbogbo wa ti jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó yá ó dìde, ó nà, ó sì ṣe ohun tó yẹ sínú abọ́ ọ̀gá bí ọba tó ń fọwọ́ sí ìwé. A pàtẹ́wọ́.

Èmi àti ìyàwó mi la jọ lọ. Dókítà rí mi, ó rọra béèrè bí ara ṣe ń ṣe mí, ó gba ìgò, ó yíjú kúrò, ó kán an, ó gbé e sórí iná. Ìyàwó mi di apá mi mú. Omi náà hó, ó ń ru. Aró ni. Ó tún hó. Aró náà ni. Kò tilẹ̀ ronú àtipọ́n.

“Kò sí!” Dókítà fò dìde. “Kò sí ṣúgà kankan! Kí lo lò?”

“Ewúro ni, sà,” ni mo wí. Ẹnu mi ti padà dé.

“Ewúro nìkan?”

“Èyí tí wọ́n bá fi ipá fún ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́ jù, sà.”

“Dókítà, ẹ má dá ọkọ mi lóhùn,” ni ìyàwó mi wí. “Ìtọ̀ ológbò Iye ni.”

Dókítà wo ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Èyí?”

“Èyí, àti ti ìjọ́sí. Ti ìjọ́sí ni oje ìrèké kó sí.” Ó wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àwo fún un.

Dókítà gbé ìgò sílẹ̀. Ó lọ fọ ọwọ́, ó fi ọṣẹ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń tún un sọ lẹ́nu jẹ́jẹ́, “Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dáa. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin…” Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bú jáde láti inú ọkùnrin náà, fìlà rẹ̀ jábọ́, àwọn ìyá ọlọ́mọ dìde wá wò ó. Nígbà tó nu ojú tán, ó ròyìn gbogbo ohun tí mo dá a lóhùn níjọ́sí fún ìyàwó mi, ó sì bi í ní ohun tí ológbò ń jẹ.

“Ẹja oníyọ̀,” ni ìyàwó mi wí. “Ẹja tútù ni Iye ń fún un. N kì í rí i lọ́dọ̀ wa ní Abúlé Òkúta, ni mo bá ń ra oníyọ̀, kó má baà gbàgbé oúnjẹ Iye.”

“Iyọ̀ yẹn ló ń mu omi,” ni Dókítà wí. “Bí o bá fún èmi náà jẹ lójoojúmọ́, màá gbé ẹnu lé ọ̀sà. Lọ fún un ní ẹja tútù, ọmọ mi. Ohun tó pa ìyá rẹ kọ́ nìyí.”

A jáde. Ní ojú ọ̀nà Bàrígà, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń kọjá, ìyàwó mi dúró, ó ní, “Inú àwo, sà?” Mo ní, “Lẹ́yìn ẹ̀rọ.” Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi di ẹkún, ó sunkún títí ó fi tún di ẹ̀rín, ó fi ìborùn nu imú, ó sì ní ebi ń pa òun. Mo lè búra, gbogbo igi àgbọn etí ọ̀sà tẹrí ba. Ẹ lè yọ àgbọn kúrò bí ẹ bá fẹ́. Ẹ̀rín náà ni kí ẹ má yọ.

Ní Sátidé, ó gbé agbọ̀n Iye lọ sí etí omi lóòótọ́. Ó kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí wọ́n rin ire, ó dúró títí ọkọ̀ wọn fi lọ, ó sì padà wálé pẹ̀lú ẹja tútù nínú agbọ̀n náà. Ológbò jẹ ẹ́ tegungun-tegungun. Nígbà tó fi máa di ìgbà òjò, ó kàn ń fẹnu kan omi ni, bí ìyàwó pásítọ̀ níbi àsè.

Ọ̀gá ní kí n kó yanrìn sínú àpótí kan fún un, kí ó fi àwo rólà sílẹ̀. Ó gba àpótí náà, inú rẹ̀ ló ń sùn. Àwo rólà ló ṣì ń tọ̀ sí, èèrà sì ń tò wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Bí ìyàwó mi bá gbé oúnjẹ wá fún mi lọ́sàn-án, á rí wọn, á sì yà fún wọn kó má baà tẹ̀ wọ́n.

“Ẹ kú ìkàlẹ̀ o,” á wí fún wọn. “Ẹ jẹun dáadáa.”